Bí A Ṣe Ń Fi Ẹ̀jẹ̀ Mọ Iye Ará Ìlú Tó Ti Kó Kòrónà

Ìṣòro kan náà ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń pè mí lórí iṣẹ́ yìí máa ń gbé wá. Wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ 600 ènìyàn. Ẹ̀rọ ní 210 nínú wọn ti kó Kòrónà rí. Wọ́n pín in, ó jẹ́ 35%, wọ́n sì ti kọ ọ́ sínú ìwé pé ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún ará ìlú ló ti kó o. Ìbéèrè méjì ni mo máa ń bi wọ́n. Ta ni ẹ bá nílé lọ́jọ́ tí ẹ lọ? Àyẹ̀wò tí ẹ lò yẹn ńkọ́, ṣé ẹ fi ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ti gbà kí Kòrónà tó délẹ̀ yìí dán an wò? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ máa ń dákẹ́ sí.

Iṣẹ́ náà ṣe é ṣe nílẹ̀ wa, wọ́n sì ti ṣe é rí. Ní oṣù kẹsàn-án sí oṣù kẹwàá ọdún 2020, NCDC, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti àjàkálẹ̀ àrùn ní Nàìjíríà, àti NIMR, ilé ìwádìí ìṣègùn ìjọba tó wà ní Yábàá, lọ láti ilé dé ilé ní Èkó, Enugu, Nasarawa àti Gombe. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà lé ní 10,000. Ohun tí wọ́n rí ni 23% ní Èkó àti Enugu, 19% ní Nasarawa, 9% ní Gombe. Ẹ wò ó: nígbà yẹn, gbogbo ẹni tí wọ́n ti fi òwú yẹ imú àti ọ̀fun rẹ̀ wò ní Èkó tí wọ́n rí i pé ó ní in kò ju nǹkan bíi 20,000 lọ. Ká tiẹ̀ ní mílíọ̀nù 10 péré ni ará Èkó, 23% wọn jẹ́ mílíọ̀nù 2.3. Àwọn tó kó o tí wọn ò tiẹ̀ mọ̀, tàbí tí wọ́n pè é ní ibà tí wọ́n lo àgbo sí i, àwọn ni iṣẹ́ yìí fẹ́ kà.

Èkó ni màá máa fi ṣe àpẹẹrẹ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wà ní Ìbàdàn tàbí Cotonou lè lò ó bẹ́ẹ̀ náà.

Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ ní lọ́wọ́ kí ẹ tó jáde

- Ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ àwọn tí a ń ṣèwádìí lára wọn, yálà NHREC, ìyẹn ti gbogbo Nàìjíríà, tàbí ti ilé ìwòsàn ńlá tó ní irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, lẹ́tà sí ìjọba ìbílẹ̀ àti sí CDA, ìyẹn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè, àdúgbò kọ̀ọ̀kan. Èyí lè gba oṣù méjì. Ẹ má fi owó ra àyẹ̀wò kankan kó tó jáde, torí àyẹ̀wò ní ọjọ́ tí yóò bàjẹ́.
- Máàpù àwọn EA, ìyẹn àwọn ẹkùn kéékèèké tí Àjọ Ètò Ìkànìyàn pín ilẹ̀ wa sí.
- Ẹni mẹ́ta fún ikọ̀ kọ̀ọ̀kan: ẹni tó mọ ẹ̀jẹ̀ gbà dáadáa, ẹni tó ń béèrè ọ̀rọ̀, àti ọmọ àdúgbò tí wọ́n mọ̀.
- Túùbù oní-ìdérí pupa tàbí yẹ́lò, sírínjì, ìbọ̀wọ́, òwú, sípíríìtì, àpótí líle tí a ń da abẹ́rẹ́ tí a ti lò sí, kúlà pẹ̀lú yìnyín, àti tẹmómítà kékeré inú kúlà. Fún àwọn ọmọdé, káàdì tí a ń kán ẹ̀jẹ̀ ìka sí.
- Báàkóòdù tí ẹ ti tẹ̀ sílẹ̀, mẹ́rin-mẹ́rin fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, tí nọ́ńbà wọn bára mu.
- Láàbù tó ní sẹ́ntífúùjì, fírísà, àti ẹ̀rọ tó ń ka àwo ELISA, ìyẹn àwo oníhò tí a ti ń ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ náà. Ẹ fojú ara yín rí jẹnẹrétọ̀ wọn, kí ẹ sì gbọ́ ohùn rẹ̀.
- Ẹ̀jẹ̀ àtijọ́. Mò ń bọ̀ lórí ìyẹn.

Ìpele 1: Ẹ pinnu ohun tí ẹ ń wá nínú ẹ̀jẹ̀

Ántíbọ́dì ni ohun tí ara máa ń ṣe jáde láti fi bá kòkòrò àrùn jà. Bí ara bá tiẹ̀ ti yá, ó ṣì máa ń wà nínú ẹ̀jẹ̀ fún oṣù púpọ̀. Lára kòkòrò Kòrónà, ibi méjì ni àwọn àyẹ̀wò ń tẹjú mọ́. Àkọ́kọ́ ni S, ìyẹn àwọn ẹ̀gún tó yọ síta lára rẹ̀. Ìkejì ni N, tó wà nínú lọ́hùn-ún.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti kọ́kọ́ ń ṣìnà. Abẹ́rẹ́ àjẹsára AstraZeneca, Pfizer, Moderna àti Johnson & Johnson, S nìkan ni wọ́n fi han ara. Ẹni tó gba ọ̀kan nínú wọn tí kò tíì kó Kòrónà rí yóò ní ántíbọ́dì S, kò ní ní ti N. Ẹni tó kó àrùn náà gan-an máa ń ní méjèèjì. Ọjọ́ kejì oṣù kẹta ọdún 2021 ni AstraZeneca àkọ́kọ́ wọ Nàìjíríà. Ẹ̀jẹ̀ tí ẹ bá gbà lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, tí ẹ sì fi àyẹ̀wò S nìkan yẹ̀ wò, iye àwọn tó gba abẹ́rẹ́ ni yóò kà mọ́ iye àwọn tó kó àrùn, ẹ ò sì ní rí ọ̀nà tí ẹ ó fi yà wọ́n.

Kí ẹ ra ti N nìyẹn? Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹ ní láti mọ nǹkan méjì. Sinopharm àti Sinovac, odidi kòkòrò tí wọ́n ti pa ni wọ́n fi ṣe é, ẹni tó gbà á lè ní N láìkó àrùn. Nítorí náà, ẹ béèrè orúkọ abẹ́rẹ́, kí ẹ sì ní kó mú káàdì rẹ̀ wá. Èkejì ni pé àwọn àyẹ̀wò N kan kì í pẹ́ kí wọ́n tó gbàgbé. Ní Manaus, ní Brazil, ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ń fẹ̀jẹ̀ tọrẹ ni wọ́n lò. Bí oṣù ṣe ń gorí oṣù, iye àwọn tí àyẹ̀wò náà rí ń lọ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ti kó àrùn kò lè padà di ẹni tí kò kó o rí. Wọ́n ní láti ṣe àtúnṣe sí i lórí ìṣirò kí wọ́n tó dé 76% ní oṣù kẹwàá ọdún 2020. Èmi a máa gba àwọn ènìyàn níyànjú pé kí wọ́n yẹ N àti S wò lára ẹ̀jẹ̀ kan náà bí owó bá tó.

Ẹ rántí pẹ̀lú pé ó ń tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kí ántíbọ́dì tó fara hàn dáadáa. Iye tí ẹ bá rí lónìí, ti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: kí ẹni méjì nínú yín jókòó lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n parí gbólóhùn yìí: «Láti ọjọ́ báyìí sí ọjọ́ báyìí, mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ará ibi báyìí, tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ báyìí, ló ní ántíbọ́dì báyìí?» Bí ìdáhùn wọn kò bá dọ́gba, ẹ ò tíì ṣe tán láti jáde.

Ìpele 2: Ẹ fi ẹ̀jẹ̀ àtijọ́ dán àyẹ̀wò náà wò

Bí ẹ bá fẹ́ fo ìpele kan nínú ìtọ́sọ́nà yìí, ẹ má fo eléyìí.

Ohun tí ilé iṣẹ́ kọ sára páálí, pé àyẹ̀wò àwọn kì í ṣì ju ẹyọ kan lọ nínú igba, ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Yúróòpù tàbí Amẹ́ríkà ni wọ́n sábà máa ń fi wá a. Ẹ̀jẹ̀ tiwa ti rí ibà, ó ti rí oríṣiríṣi nǹkan mìíràn. Ní orílẹ̀-èdè Benin, àwọn olùwádìí mú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ti gbà kí àjàkálẹ̀ náà tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi àwọn àyẹ̀wò tí wọ́n ń tà lọ́jà yẹ̀ ẹ́ wò, àwọn kan nínú àyẹ̀wò náà sì ń pariwo pé Kòrónà wà níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó bí àrùn náà! Wọ́n rí i pé ibà wà lára ohun tó fà á.

Nítorí náà, ẹ wá ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà kí ọdún 2020 tó wọlé, tí ó sì jẹ́ ti àdúgbò yín. Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń kọ́ dókítà àti ọ̀pọ̀ ilé ìwádìí ní irú rẹ̀ nínú fírísà, èyí tí wọ́n gbà fún ìwádìí ibà tàbí ti HIV. Àṣẹ lílò rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé tí ẹ kọ sí ìgbìmọ̀. Ẹ wá ẹ̀jẹ̀ àwọn tí àyẹ̀wò PCR (ti òwú imú àti ọ̀fun) ti fi hàn pé wọ́n ní Kòrónà pẹ̀lú, kó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó kéré tán lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra níbí: àwọn tí wọ́n dá dúró sí ilé ìwòsàn ló rọrùn jù láti rí, ṣùgbọ́n àwọn yẹn ni àìsàn náà mú gan-an, ántíbọ́dì wọn máa ń pọ̀ rẹpẹtẹ. Ará ìlú tó wú ikọ́ fún ọjọ́ méjì, tó sì padà sẹ́nu iṣẹ́, kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wá irú wọn sí i.

Ẹ da gbogbo túùbù náà pọ̀, ẹ yí nọ́ńbà wọn padà kí ẹni tó ń ṣe àyẹ̀wò má mọ èyí tó jẹ́ ti àtijọ́. Ká ní nínú 150 ẹ̀jẹ̀ àtijọ́, 144 ló jáde pé kò sí nǹkan: ìyẹn jẹ́ 96%, àwọn ará láàbù ń pè é ní specificity. Nínú 100 tó ní in, 84 ni àyẹ̀wò rí: 84%, òun ni sensitivity. Ẹ kọ àwọn nọ́ńbà méjì yìí sára ògiri. Àwọn ni ẹ ó lò ní Ìpele 8, kì í ṣe ti ara páálí.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: bí àyẹ̀wò náà bá ń pe ẹ̀jẹ̀ àtijọ́ tó ju márùn-ún lọ nínú ọgọ́rùn-ún ní Kòrónà, ẹ dá a padà, ẹ wá òmíràn, tàbí kí ẹ fi àyẹ̀wò kejì tó yàtọ̀ tún gbogbo èyí tó bá jáde pé ó ní in ṣe.

Ìpele 3: Ènìyàn mélòó?

Ká ní ẹ rò pé nǹkan bíi 20% ló ti kó o, tí ẹ sì fẹ́ kí ìṣìnà yín má ju 3 lọ sókè tàbí sísàlẹ̀. Ẹ fi 0.2 lu 0.8, ẹ fi 3.84 lù ú (nọ́ńbà tó dúró fún ìdánilójú 95%), ẹ fi 0.0009 pín in (ìyẹn 0.03 lọ́nà 0.03). Ó jẹ́ 683.

Ọ̀pọ̀ máa ń dúró síbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń gbé àdúgbò kan náà, àrùn kan náà ni wọ́n ń ran ara wọn: 20 ènìyàn láti òpópónà kan kò tó 20 ènìyàn láti òpópónà 20. Nítorí náà, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì: 1,366. Àwọn kan á kọ̀, àwọn kan kò ní sí nílé. Bí ẹ bá rò pé 20% á bọ́, ẹ fi 0.8 pín in: 1,708. Bí ẹ bá mú ìdílé 20 nínú EA kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan nínú ìdílé kọ̀ọ̀kan, EA 86 ni ẹ nílò, ó fún yín ní 1,720.

Bí owó kò bá tó, ẹ dín iye ìdílé inú EA kọ̀ọ̀kan kù kí ẹ tó dín iye EA.

Ìpele 4: Ẹ ṣẹ́ gègé, ẹ má fojú yàn

Ní oṣù keje ọdún 2020, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ní wọ́ọ̀dù mẹ́ta ní Mumbai, ní Íńdíà. Ní àwọn àdúgbò tálákà tí ilé ti há gádígádí, nǹkan bíi 57% ló ti kó o. Ní àwọn ilé tó kù ní wọ́ọ̀dù kan náà, nǹkan bíi 16%. Ẹni tó bá yẹ apá kan wò nínú ìlú bẹ́ẹ̀ lè pa irọ́ ńlá láìmọ̀. Ẹ fi Mushin wé Ìkòyí, ẹ ó mọ ohun tí mò ń sọ.

Ẹ kọ gbogbo EA tó wà nínú ìlú sílẹ̀. Èkó ìlú gan-an jẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ 16 nínú 20 tó wà ní ìpínlẹ̀ náà, nítorí náà ẹ pinnu bóyá Ẹ̀pẹ́, Ìkòròdú, Badagry àti Ìbẹ́jú-Lẹ́kí wà nínú rẹ̀ tàbí wọn ò sí. Ẹ fi kọ̀ǹpútà ṣẹ́ gègé EA 86, kí EA tí èrò rẹ̀ pọ̀ ní àǹfààní jù. Nínú EA kọ̀ọ̀kan, ẹ rìn yí ká, ẹ kọ gbogbo ìdílé sílẹ̀, lẹ́yìn náà ni ẹ tó ṣẹ́ gègé 20.

Ìdílé ni àwọn tó ń jẹun nínú ìkòkò kan náà. Ẹ má ka láńdíọ̀ọ̀dù àti àwọn tẹ́náǹtì yàrá mẹ́wàá rẹ̀ sí ìdílé kan torí pé ilé kan ni wọ́n wà. Akẹ́kọ̀ọ́ṣẹ́ tó ń sùn ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá rẹ̀ ńkọ́? Bí ìkòkò ọ̀gá ló ń fún un lóúnjẹ, ará ìdílé ọ̀gá ni.

Nínú ìdílé, ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tó ń jẹ nínú ìkòkò náà, kí fóònù yín ṣẹ́ gègé ẹnì kan. Ibí yìí ni wọ́n ti máa ń rẹ́ wa jẹ. «Ọ̀gbẹ́ni ò sí nílé, ẹ gba tèmi.» Rárá o. Bí gègé bá mú ọ̀gbẹ́ni, ọ̀gbẹ́ni ni. Ẹ gba nọ́ńbà fóònù rẹ̀, ẹ padà wá. Ẹni tó ń jáde ní aago márùn-ún ìdájí láti Ìkòròdú, tó ń wọ ọkọ̀ dáńfó lọ sí Ìdúmọ̀tà, tó sì ń wọlé ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, òun gan-an ni àrùn náà ní àǹfààní láti mú. Bí ẹ bá fi ìyàwó rẹ̀ tó ń tajà níwájú ilé rọ́pò rẹ̀ nígbà gbogbo, ẹ ti yọ àwọn tó ń rìn kúrò nínú ìlú.

Ẹ lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta: lọ́sàn-án kan, lálẹ́ kan, àti ọ̀sán ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn. Bí ó bá kọ̀ lẹ́yìn náà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó kọ̀. Ẹ má wọ ilé kejì láti fi rọ́pò rẹ̀.

Àwọn ẹ́síteètì onígéètì ló máa ń lè jù. Mẹ́gáàdì kò ní ṣí i fún yín, bẹ́ẹ̀ ni WhatsApp àwọn ará ẹ́síteètì á ti gbé e pé àwọn kan ń gba ẹ̀jẹ̀ kiri. Ẹ kọ lẹ́tà sí alága wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kí ẹ sì ní kó fúnra rẹ̀ fi sórí WhatsApp náà.

Ó ń wu àwọn kan pé kí wọ́n lọ gba ẹ̀jẹ̀ tó ṣẹ́kù ní ilé ìfẹ̀jẹ̀-tọrẹ, torí ó dínwó. Kenya ṣe é ní 2020, ó sì wúlò fún wọn, nítorí wọ́n fi ìṣirò tún ọjọ́ orí àti ibùgbé ṣe. Ṣùgbọ́n kò sí ọmọdé nínú rẹ̀, kò sí arúgbó, àwọn ọ̀dọ́kùnrin ló sì pọ̀ jù. Bí ẹ bá gba ọ̀nà yẹn, ẹ sọ ọ́ gbangba.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: lálẹ́ ọjọ́ kẹta, ẹ ka iye ọkùnrin àti obìnrin, ẹ ka iye àwọn tó wà láàárín ọdún 20 sí 39. Bí obìnrin bá ti lọ sí méjì sí ọkùnrin kan, àwọn ikọ̀ yín ti ń rọ́pò ènìyàn. Ẹ pè wọ́n jọ lọ́jọ́ kejì gan-an.

Ìpele 5: Ẹnu ọ̀nà

Àwọn èwe tí a kọ́ ní láàbù mọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́. Mo bá ikọ̀ kan lọ sí ilé onípákó kan ní Mushin. Nọ́ọ̀sì wa, ọmọ dáadáa, wọlé pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́. Ìyá tó ń ṣa ẹ̀wà lórí àpótí gbójú sókè, ó wo ìbọ̀wọ́ náà, ó ní: «Ẹ̀yin ọmọ yìí, èyí tí mo ní lára ò tó èmi gan-an lò.» Gbogbo àgbàlá fi ẹ̀rín sí i. Ọmọ àdúgbò tó mú wa wá ló tún un ṣe. Ó kúnlẹ̀, ó ní: «Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá. Ṣíbí tíì kan ni, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. A fẹ́ mọ iye àwa ará ibí tí Kòrónà ti gba ara wa kọjá. A ò ní kọ orúkọ yín sára ẹ̀jẹ̀ náà. Bí ẹ bá sọ pé rárá, a ó dìde, ẹnikẹ́ni ò ní bínú.» Ìyá ní kí wọ́n jẹ́ kí òun parí ẹ̀wà òun ná. A dúró. Ó na ọwọ́.

Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó ń wọ ìbọ̀wọ́ nínú ikọ̀ mi títí onílé yóò fi gbà.

Ẹ gbọ́dọ̀ sọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin kí ẹ tó tọwọ́ bọ ìwé: iye ẹ̀jẹ̀, ohun tí ẹ ó fi ṣe, pé ó lè kọ̀ tàbí yí ọkàn padà, àti bóyá yóò gbọ́ èsì. Ẹni tí kò mọ̀wé á fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, kí ẹlẹ́rìí kan wà tí kì í ṣe ará ikọ̀. Fún ọmọdé, òbí ló ń fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n bí ọmọ náà bá ti gbọ́n tó láti sọ pé òun ò fẹ́, ẹ fi í sílẹ̀.

Ẹ má ṣe fún wọn ní owó ńlá. Ọṣẹ tàbí owó ọkọ̀ kékeré tí ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí ti tó, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọn ará ilé kejì á yọjú.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: kí ẹ bi ẹnì kan nínú gbogbo mẹ́wàá lẹ́yìn tó ti fọwọ́ sí i: «Ẹ jọ̀ọ́, kí ni a fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ yín ṣe?» Bó bá ní ẹ fẹ́ fi wo àrùn òun sàn, ẹ tún àlàyé ṣe.

Ìpele 6: Gbígba ẹ̀jẹ̀ àti kúlà

Mílílítà 5 láti inú iṣan apá. Ẹ lẹ báàkóòdù mọ́ túùbù kí ẹ̀jẹ̀ tó wọ inú rẹ̀, ẹ lẹ ìkejì mọ́ ìwé ìbéèrè, ẹ fi fóònù yẹ méjèèjì wò níwájú ẹni náà. Ẹ má ṣe sọ pé ẹ ó lẹ̀ ẹ́ nígbà tí ẹ bá délé.

Ẹ gbé túùbù náà dúró fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹ̀jẹ̀ dì, lẹ́yìn náà kí ẹ tó gbé e sínú kúlà. Ẹ fi nǹkan sáàárín òun àti yìnyín: ẹ̀jẹ̀ tó bá di omi dídì á fọ́. Tẹmómítà gbọ́dọ̀ wà láàárín 2 àti 8.

Fún káàdì ẹ̀jẹ̀ ìka: ìka àárín tàbí ìka òrùka, ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ nu ẹ̀kán àkọ́kọ́ nù. Ẹ má fún ìka bí ẹni ń fún ọsàn. Kí ẹ̀kán kan kún ojú àmì kan, ẹ má kán èkejì lé e. Ẹ tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́, kúrò nínú oòrùn, di ọjọ́ kejì. Ní àsìkò òjò ní Èkó, wákàtí mẹ́rin kò tó rárá. Nígbà tó bá gbẹ, ẹ kó o sínú ọ̀rá onísípì pẹ̀lú àwọn sáṣẹ́ẹ̀tì tó ń fa omi mu.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: omi orí ẹ̀jẹ̀ tó ti dì gbọ́dọ̀ ní àwọ̀ bí òróró. Bó bá pọ́n bí omi ṣobo, ẹ̀jẹ̀ ti fọ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bó bá ju márùn-ún lọ lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì kan, ọ̀nà tó ń gbà fà á ló le jù.

Ìpele 7: Láàbù

Kí sẹ́ntífúùjì yí i ní ọjọ́ kan náà, ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ pín omi ẹ̀jẹ̀ náà sí túùbù kékeré méjì tàbí mẹ́ta, ẹ gbé ọ̀kan sí fírísà mìíràn, ní ibòmíràn. Láàbù kan tí mo bá ṣiṣẹ́, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n kó sínú fírísà kan. Iná lọ lọ́jọ́ Ẹtì, kò sẹ́ni tó wọlé títí di ọjọ́ Ajé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta iṣẹ́ wa ń ṣàn lórí símẹ́ǹtì.

Àwo ELISA ní ihò 96. Kí àwọn ẹ̀jẹ̀ tí a mọ̀ pé ó ní in àti èyí tí a mọ̀ pé kò ní in wà nínú àwo kọ̀ọ̀kan, àní bí ilé iṣẹ́ bá ti fi tiwọn sí i. Ẹ fi díẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ àtijọ́ yín sí i pẹ̀lú. Ẹ gbé gbogbo èròjà síta fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí òtútù ara wọn lọ. Bí iná bá lọ nígbà tí àwo wà nínú ẹ̀rọ ìgbóná, tí kò sì padà lójú ẹsẹ̀, ẹ da àwo náà nù. Mo mọ̀ pé ó dunni.

Kí ẹnikẹ́ni má yí ìlà tí ẹ fi ń pín ti «ó ní» àti «kò ní» padà lẹ́yìn tí ẹ ti rí èsì.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ tún ẹyọ kan ṣe nínú mẹ́wàá, ní ọjọ́ mìíràn, lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Bí méjì nínú ogún bá yí padà, ẹ dúró.

Ìpele 8: Ìṣirò

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n. Ẹnì kan ni ẹ mú nínú ìdílé kọ̀ọ̀kan. Apọ́n tó ń dá gbé, ó dájú pé òun ni gègé máa mú. Nínú yàrá tí ènìyàn mẹ́jọ ń sùn sí, àǹfààní ẹnì kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìkan nínú mẹ́jọ. Bí ẹ bá ka méjèèjì sí ẹyọ kan, ẹ ti sọ ìlú di ìlú àwọn apọ́n. Ẹni tó jáde láti yàrá ẹlẹ́ni mẹ́jọ gbọ́dọ̀ wọ̀n tó mẹ́jọ. Lẹ́yìn èyí, ẹ tún ọjọ́ orí àti ọkùnrin-obìnrin ṣe kó bá ti ìlú mu.

Lẹ́yìn ìwọ̀n ni àtúnṣe àṣìṣe àyẹ̀wò. Ẹ mú ìdá tí ẹ rí, ẹ fi specificity kún un, ẹ yọ 1 kúrò. Ẹ fi ohun tó kù pín pẹ̀lú: sensitivity, kún specificity, yọ 1.

Ká padà sí àwọn tó rí 35%, ká sì ní ìwọ̀n kò yí i padà. Pẹ̀lú 84% àti 96%: òkè jẹ́ 0.31, ìsàlẹ̀ jẹ́ 0.80. Èsì jẹ́ nǹkan bíi 39%. Ó gòkè, torí àwọn tí àyẹ̀wò náà kò rí ju àwọn tó fẹ̀sùn kàn lásán lọ.

Ẹ wá wo ibi tí àrùn kò tíì tàn. Nínú 600, 30 ló jáde pé ó ní in: 5%. Òkè di 0.01, èsì jẹ́ 1.25%. Nínú 30 yẹn, nǹkan bíi 24 kò kó nǹkan kan rí. Irú wàhálà yìí ló bá ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Santa Clara, California, ní oṣù kẹrin ọdún 2020. Facebook ni wọ́n fi pe àwọn ènìyàn. Nínú 3,330, 50 ló jáde pé ó ní in, ìyẹn 1.5%. Àyẹ̀wò tó bá ṣì ẹyọ kan àti ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún lè pèsè gbogbo 50 náà fúnra rẹ̀. Ariwo tó tẹ̀lé e kò kéré, pàápàá torí pé ẹni tó rò pé òun ti ní in ló máa kọ́kọ́ tẹ ìpolówó bẹ́ẹ̀.

Bí èsì yín bá lọ sí abẹ́ òdo, ẹ kọ òdo, kí ẹ sì kọ ibi tó lè dé sókè. Ẹ má tẹ nọ́ńbà kan ṣoṣo jáde láìsí ààlà rẹ̀ méjèèjì, kí ààlà náà sì ka ìyèméjì orí 84% àti 96% mọ́ ọn. Ẹ̀jẹ̀ àtijọ́ 150 péré ni ẹ fi wá 96% yẹn.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ kó èsì tí ẹ kò tún ṣe, èyí tí ẹ wọ̀n, àti èyí tí ẹ tún ṣe fún àyẹ̀wò, sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lórí tábìlì kan. Bí ẹ kò bá lè fẹnu ṣàlàyé ohun tó mú ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì, ẹ wá ẹni tó gbọ́ ìṣirò kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ jáde.

Ìpele 9: Ẹ dá èsì padà

Ẹ padà sí ìpàdé CDA kí ìwé ìròyìn tó gbé e. Ẹ sọ ọ́ bí wọ́n á ṣe gbọ́ ọ. Bí èsì yín bá jẹ́ 20%, ẹ ní: nínú ènìyàn márùn-ún tó wà nínú ọkọ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti kó o. Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni pé ántíbọ́dì tó ní ti dá a sí. Manaus tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú 76% yẹn, ní oṣù kìíní ọdún 2021 ilé ìwòsàn wọn kún, ọ́ksíjìn tán, àwọn ènìyàn ń tò síwájú ilé iṣẹ́ tó ń ta sílíńdà rẹ̀.

Ẹ fi ààyè sílẹ̀ fún ìbéèrè. Ìyá ẹlẹ́wà tí mo sọ náà wá sí ìpàdé tiwọn, ó sì béèrè bóyá ẹ̀jẹ̀ òun wà lára àwọn tó ní in. A sọ fún un pé a ò kọ orúkọ sára rẹ̀, báàkóòdù nìkan ló wà níbẹ̀. Ó ní òun ti mú tòun wá. Ó tú etí aṣọ rẹ̀, ó sì yọ ìwé kékeré tí a fún un lọ́jọ́ náà jáde, nọ́ńbà rẹ̀ ṣì hàn kedere.